Agolo Méjì Tí Bàbá Nawras Rà Lẹ́bàá Títì

Ní àdúgbò wa ní Abul-Khasib, ìlú olóoru kan nítòsí òkun, bí oṣù keje bá ti wọlé, a kì í fi bẹ́ẹ̀ bi ara wa pé, "Ṣé àlàáfíà ni?" Ohun tí a máa ń bi ara wa ni pé, "Ṣé iná wà lọ́dọ̀ tiyín?" Lọ́jọ́ Jímọ̀ tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, iná kò sí lọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni. Ṣarjí, atẹ́gùn tó máa ń ti orí òkun gbé ooru àti ọ̀rinrin wá bá wa, ti fẹ́ fún ọjọ́ mẹ́ta gbáko. Aṣọ tí mo sá sórí òrùlé mi tó tẹ́ pẹrẹsẹ láàárọ̀ tutù ju ìgbà tí mo sá a lọ.

Ilé mi kọjú sí ilé Bàbá Nawras. Jabbar ni orúkọ rẹ̀ gan-an, ṣùgbọ́n orúkọ ọmọ rẹ̀ àkọ́bí la fi ń pè é. Èbúté ló ti ṣiṣẹ́ kó tó fẹ̀yìn tì, òun ló ń wa ẹ̀rọ gíga tó ń gbé ẹrù kúrò nínú ọkọ̀ ojú omi. Èèyàn dáadáa ni, ara rẹ̀ yá mọ́ èèyàn. Àléébù kan ṣoṣo tó ní ni pé kò sí ohun tó bàjẹ́ tí kì í sọ pé òun máa tún un ṣe. Ó tún ago ara ògiri wọn ṣe lọ́dún tó kọjá. Láti ìgbà náà ni ago ọ̀hún ti ń rìn sẹ́yìn.

Ayọ̀ ńlá wà nílé wọn lọ́sẹ̀ yẹn. Nawras, ọmọbìnrin wọn tó lọ́kọ sí Nasiriyah, ti bí ọmọkùnrin, ọjọ́ Sátidé ni ìkómọ. Gbogbo ẹrù ti wà lẹ́nu ọ̀nà láti àárọ̀ Jímọ̀: àpò dàbínù, agbọ̀n aṣọ ọmọ, àpótí ẹja tí wọ́n fi yìnyín bò, àti Àlàájà Khayriya.

Àlàájà Khayriya ni ìyá tó bí Ìyá Nawras, ìyàwó Jabbar. Ó ti lé ní ọdún márùndínlọ́gọ́rin, ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, ẹnu rẹ̀ sì mú bí abẹ. Lọ́dún tó kọjá, ó dákú sínú ọkọ̀ tó gbóná. Dókítà sì kìlọ̀ fún wọn pé ọkọ̀ tí kò bá tutù, kí Màmá má ṣe wọ̀ ọ́ mọ́. Ọ̀nà Nasiriyah sì nìyí, wákàtí mẹ́ta lórí ilẹ̀ gbígbẹ tí kò ní igi kan. Ẹ̀rọ amúlétutù inú ọkọ̀ Bàbá Nawras, èyí tí gbogbo wa ń pè ní éésì, kò fẹ́ nǹkan mìíràn bí kò ṣe ooru.

"Jabbar!" Àlàájà kì í pe àna rẹ̀ ní Bàbá Nawras rí. "Ṣé ọkọ̀ yìí ti tutù?"

"Ó ti ń tutù bọ̀, Màmá."

"Láti ọjọ́ Ajé lo ti ń sọ bẹ́ẹ̀. Mo jókòó sínú ẹ̀ lánàá, àfi bí ìgbà tí wọ́n tì mí sínú ààrò búrẹ́dì. Ṣé àgbò ìkómọ lo fẹ́ fi mí ṣe ni?"

"Màmá, ẹ fọkàn balẹ̀. Gáàsì ló tán nínú éésì. Mo ti ra gáàsì tuntun, mo sì ti wo bí wọ́n ṣe ń fi í sí i lórí fóònù. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré ni."

"Ẹni tó wà nínú fóònù yẹn, ṣé ó mọ ọkọ̀ rẹ?"

Ìyá Nawras rẹ́rìn-ín títí, ó ní, "Bàbá Nawras, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká gbé e lọ bá àwọn tó ń ṣe éésì."

"Lónìí Jímọ̀? Àwọn wo ló ṣí ṣọ́ọ̀bù? Ìyá Nawras, àpótí irin tó tó ilé ni mo fi ọgbọ̀n ọdún gbé sókè gbé sílẹ̀. Agolo tí kò ju ọwọ́ mi lọ ni yóò wá dààmú mi?"

Dhiyab, àbúrò Ìyá Nawras, ló fẹ́ ràn án lọ́wọ́. Ọmọ ogójì ọdún ni, sìgá kì í kúrò lẹ́yìn etí rẹ̀. Wọ́n ti ọkọ̀ sí abẹ́ òrùlé tó wà nínú ọgbà, wọ́n sì ti géètì irin pa, kí oòrùn àti eruku má bàa yọ wọ́n lẹ́nu. Fáànù kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ti kì bọ iná, tó ń dúró de ìgbà tí iná máa dé.

Wọ́n ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Dhiyab yọjú sínú rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ihò méjì ló wà níbí o. Ọ̀kan wà lórí ọ̀pá tó nípọn, ọ̀kan wà lórí èyí tó tín-ín-rín. Èwo ni tiwa?"

"Èyí tó bá gbà fún wa ni tiwa."

Ẹnu rọ́bà tó bá agolo gáàsì wá kò wọ èyí tó wà lórí ọ̀pá tó nípọn dáadáa. Bàbá Nawras bá mú irin kékeré kan tí ọlọ́jà fi ṣe ènì fún un, ó lọ́ ọ mọ́ ẹnu rọ́bà náà, ó sì fi agbára tẹ̀ ẹ́ mọ́ èkejì. Ó ṣí agolo. *Ṣììììì!* Gáàsì bẹ̀rẹ̀ sí í gba ẹ̀gbẹ́ jáde, kò wọ inú ọkọ̀ rárá.

"Ẹ̀gbọ́n, ó ń jò."

"Kò jò. Ó ń mí ni. Fún mi ní àkísà yẹn."

Àsìkò yẹn gan-an ni Rihab kan ilẹ̀kùn kékeré tó wà lára géètì, abọ́ ọbẹ̀ ilá ẹlẹ́ran wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọmọ ilé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwọn ni. Ó ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní iṣẹ́ fíríìjì àti éésì nílé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ tó wà nílùú. Àwọn ọkùnrin àdúgbò wa fẹ́ràn láti máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé obìnrin ń tú kọ̀mpúrẹ́sọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí fíríìjì wọn bá kú, tí ẹran fẹ́ bàjẹ́, ilẹ̀kùn rẹ̀ ni wọ́n máa ń sáré lọ kàn.

Ìyá Nawras ṣí ilẹ̀kùn fún un. Rihab gbé ẹsẹ̀ kan wọlé, ó dúró, ó sì fa imú.

"Ìyá Nawras, ṣé ẹ gbé nǹkan kaná ni?"

"Rárá o. A ò tíì dáná láti àárọ̀. Kí ló dé?"

Rihab ti rí Dhiyab lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀. Dhiyab ti fa sìgá yọ lẹ́yìn etí, ó ti fi í sẹ́nu, àtàǹpàkò rẹ̀ sì ti wà lórí láítà.

"Dhiyab! Má ṣáná! Má ṣáná!"

Abọ́ já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ilá fọ́n ká ilẹ̀. Èmi tí mo wà lórí òrùlé mi gbọ́ igbe náà, mo sì sáré sọ̀ kalẹ̀ lọ bá wọn. Láítà já bọ́ lọ́wọ́ Dhiyab.

"Ọbẹ̀ ilá!" Àlàájà ké láti orí àga rẹ̀.

"Ẹ má tan ohunkóhun, ẹ má sì pa ohunkóhun," ni Rihab wí. Ohùn rẹ̀ kò ròkè mọ́, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó lè bá a jiyàn. "Bàbá Nawras, ẹ ti agolo yẹn, kí ẹ sì gbé e jáde síta, sínú afẹ́fẹ́."

"Ọmọ mi, gáàsì éésì lásán ni..."

"Bàbá mi, gáàsì ìdáná ni! Imú mi kò purọ́ fún mi. Gáàsì éésì ọkọ̀ yín kì í rùn báyìí."

Àwa náà ti ń gbọ́ òórùn náà wàyí, òórùn sílíńdà ilé ìdáná tó ń jò. Ó kàn jẹ́ pé kò sí ẹni tó rò ó mọ́ ọkọ̀ ni.

Ojú Rihab bọ́ sára fáànù. Bí iná bá dé, fáànù á bẹ̀rẹ̀ sí í yí fúnra rẹ̀, iná kékeré kan tó bá ta pàrà lára rẹ̀ sì ti tó láti ran gáàsì náà. Iná kò tíì dé, nítorí náà ó sáré lọ fa wáyà rẹ̀ yọ. Ó ní kí a ṣí apá géètì méjèèjì gbayawu.

"Gáàsì yìí wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ," ó wí. "Ilẹ̀ ló máa ń sùn sí. Ẹ jẹ́ ká ti ọkọ̀ jáde, kí gbogbo wa sì bọ́ síta."

A tì í. Èmi, Ìyá Nawras, Dhiyab, Rihab, àti Bàbá Nawras tí kò lè gbójú sókè mọ́. Àlàájà ti bọ́ síwájú wa, ó ń fi ọ̀pá rẹ̀ júwe ọ̀nà bí ọlọ́pàá ojú títì. "Ẹ tì í sọ́tùn-ún! Òsì ni mo ní! Jabbar, ṣé o jẹun láàárọ̀ báyìí?"

A kò tíì rí ibòji jókòó sí dáadáa nígbà tí iná dé. A gbọ́ bí gbogbo fíríìjì àdúgbò ṣe kígbe lẹ́ẹ̀kan náà. Bí afẹ́fẹ́ kò bá ti gba inú ọgbà yẹn kọjá, bí fáànù bá ṣì wà lẹ́nu iná, bóyá ẹlòmíràn ni yóò máa sọ ìtàn yìí fún yín. Ìyá Nawras jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń sọ pé, "Alihamdulilahi, Alihamdulilahi," láìdánu dúró. Dhiyab wo sìgá tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ bí ẹni tó rí ejò, ó sì sọ ọ́ nù.

Rihab mú agolo náà, ó yí i síbí, ó yí i sọ́hùn-ún.

"Bàbá Nawras, níbo lẹ ti rà á?"

"Lẹ́bàá títì. Ọkùnrin kan tẹ́ ẹ sórí búùtù ọkọ̀ rẹ̀."

"Ẹ wò ó. Wọ́n kọ orúkọ gáàsì sí i, ṣùgbọ́n wọn ò kọ orúkọ ẹni tó ṣe é. Wọn ò kọ ìlú tó ti wá, wọn ò kọ ọjọ́. Ẹ wo ẹnu rẹ̀, ẹnìkan ti ṣí i rí kó tó tún un dí. Àwọn kan máa ń ṣa agolo òfìfo, wọ́n á rọ gáàsì ìdáná sínú ẹ̀, nítorí òun náà máa ń mú nǹkan tutù. Èèyàn á rò pé ó ṣiṣẹ́. Lọ́jọ́ tí ọ̀pá éésì bá wá jò sínú ọkọ̀, tí ẹnìkan bá ṣáná, ọkọ̀ á di sítóòfù, tẹ̀yin ti màmá àgbà."

"Àti ọmọ tuntun," ni Ìyá Nawras sọ jẹ́ẹ́jẹ́.

"Ibi tí ẹ sì fẹ́ tì í bọ̀ gan-an," Rihab ń bá ọ̀rọ̀ lọ, "ihò ibi tí gáàsì ti ní agbára gíga nìyẹn. Ẹ wò ó, wọ́n kọ H, àmì agbára gíga, sórí ìdérí rẹ̀. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́, agbára tó wà níbẹ̀ lè padà wọ inú agolo, kí agolo bẹ́ mọ́ yín lójú. Ìdí nìyẹn tí ẹnu rọ́bà tó dáa kì í fi í wọ ibẹ̀. Ẹni tó fún yín ní irin kékeré yẹn kò ṣe yín lóore."

Bàbá Nawras fi ọwọ́ nu òógùn. "Ó fi ṣe ènì ni."

"Ènì ikú," ni Àlàájà dáhùn.

Rihab wá béèrè ìbéèrè kan. "Agolo mélòó lẹ rà?"

"Méjì."

"Ìkejì ńkọ́?"

Bàbá Nawras họ orí. Ìyá Nawras dìde nílẹ̀. "Bàbá Nawras, ìkejì dà?"

"Mo fi ta Shannan lọ́rẹ."

Shannan ni ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń wa takisí, tó máa ń ná ibùdókọ̀ tó wà lábẹ́ afárá. Wọ́n pè é lórí fóònù. Kò gbé e. Wọ́n tún pè é. Kò gbé e.

Bàbá Nawras fa Dhiyab sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ṣùgbọ́n gbogbo wa ló gbọ́ ohun tó ń sọ. "Sáré lọ bá a. Rọra gbà á lọ́wọ́ ẹ̀. Má sọ pé mo ra ayédèrú o. Sọ pé mo fẹ́ lò ó fúnra mi. Àwọn awakọ̀ yẹn, bí wọ́n bá gbọ́, wọ́n á fi mí ṣe ẹlẹ́yà dé ọjọ́ àjíǹde."

Rihab ní, "Bàbá mi, ṣé òun nìkan ló máa kọjá níwájú búùtù ọkùnrin yẹn? Bí ẹ bá gbà á láìsọ ìdí, lọ́la ó máa lọ ra òmíràn."

Bàbá Nawras mú kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ àtijọ́ Dhiyab, èyí tí kò ní éésì rí, ó sì ní kí Rihab bá òun lọ.

Rihab ló padà wá ròyìn ohun tí wọ́n bá níbẹ̀ fún mi. Shannan ti ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì takisí rẹ̀ lábẹ́ afárá. Agolo náà wà nínú abọ́ omi gbígbóná lórí ilẹ̀, nítorí ẹnìkan ti sọ fún un pé gáàsì máa ń tètè jáde bí agolo bá gbóná. Awakọ̀ mẹ́rin ló yí i ká tí wọ́n ń wò ó, méjì nínú wọn ń mu sìgá, ẹnìkan tó ń ta tíì sì gbé ìdáná rẹ̀ kalẹ̀ níbi tí kò jìnnà rárá.

Bàbá Nawras kò dúró kí ọkọ̀ dúró tán kó tó bọ́ sílẹ̀.

"Shannan! Fi í sílẹ̀! Ẹ pa sìgá yín, ẹ pa á! Ayédèrú ni! Gáàsì ìdáná ló wà nínú ẹ̀!"

Shannan na ara dúró. "Ìwọ lo fún mi!"

"Èmi ni mo fún ọ. Wọ́n rẹ́ mi jẹ. Mo fẹ́ẹ̀ dáná sun ilé mi láàárọ̀ yìí, èmi tìyàwó mi tàna mi. Èmi Jabbar ni mo sọ bẹ́ẹ̀, ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu mi!"

Awakọ̀ kan bú sẹ́rìn-ín, ó ní, "Bàbá Nawras, ọ̀gá àwọn tó ń tún nǹkan ṣe!" Àwọn yòókù rẹ́rìn-ín pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe ń rẹ́rìn-ín náà ni wọ́n ń pa sìgá wọn, tí ẹni tó ń ta tíì sì ń bomi pa iná ìdáná rẹ̀. Rihab yọ agolo kúrò nínú omi gbígbóná, ó gbé e sí ibòji tó jìnnà sí èèyàn. Wọ́n pe àwọn panápaná, wọ́n wá gbé méjèèjì lọ. Wọ́n ní ó dáa bí a kò ṣe jù wọ́n sórí ààtàn, nítorí àwọn tó ń sun ìdọ̀tí kì í yẹ inú rẹ̀ wò.

Awakọ̀ tó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín yẹn wá bá Bàbá Nawras kí ó tó lọ. Ó rọra sọ ọ́ sí i létí pé òun náà ti ra ọ̀kan, ó wà nínú búùtù òun nínú oòrùn. Bí Bàbá Nawras ṣe gba ẹ̀rín wọn mọ́ra ni agolo kẹta fi jáde, tí àwọn panápaná sì gbé òun náà lọ. Nígbà tí àwọn agbófinró máa fi dé ẹ̀bá títì, ọlọ́jà náà ti ká ọjà rẹ̀, ó ti lọ.

Ìkómọ ńkọ́? Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ṣì wà nílẹ̀.

Lẹ́yìn ìrun àárọ̀ Sátidé, kí oòrùn tó mú, Rihab dé pẹ̀lú àpótí irinṣẹ́ rẹ̀. Gbangba ìta ni wọ́n gbé ọkọ̀ sí lọ́tẹ̀ yìí. Bàbá Nawras bá a gbé àpótí, kò sì sọ pé òun mọ nǹkan kan.

"Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tó ń ṣe é ká tó fún un lóògùn," ni Rihab wí. "Gáàsì éésì kì í tán bíi bẹntiróò. Inú ọ̀pá ló ń yí po, bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń yí po nínú ara. Bó bá dín kù, ó ń jò níbì kan ni. Ìgbà mìíràn sì wà tí kò dín kù rárá, tó jẹ́ ìdọ̀tí ló ń bá a jà."

Ó tú àpótí tó wà níwájú ẹni tó ń jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀, ó sì fa asẹ́ afẹ́fẹ́ yọ lẹ́yìn rẹ̀. Ohun tó jáde bọ́ sílẹ̀ pọ̀ tó ẹ̀kúnwọ́ mẹ́ta: eruku, àti èèpo kóró bàrà yíyan.

Gbogbo ojú yí sí ọ̀dọ̀ Àlàájà. Òun ló máa ń jókòó síwájú, tó máa ń jẹ kóró bàrà láti ilé dé ibi tí wọ́n bá ń lọ.

"Kí lẹ ń wò mí sí? Ṣé èmi ni mo ní kí ọkọ̀ máa fa èèpo jẹ?"

"Atẹ́gùn éésì ló ń fà á, Màmá," ni Dhiyab wí, ó ń fi ọwọ́ bo ẹnu. "Ẹ̀yin lẹ ń fún un lóúnjẹ."

Rihab fi asẹ́ tuntun sí i. Ó fi omi jẹ́jẹ́ fọ eruku tó dì mọ́ iwájú rédíétọ̀. Afẹ́fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í jáde dáadáa, ṣùgbọ́n kò tíì tutù tó. Ó wá so géèjì, irinṣẹ́ tó ń wọn agbára gáàsì, mọ́ ọn, ó rí i pé gáàsì ti dín díẹ̀. Ó po omi ọṣẹ, ó dà á sí ẹnu ihò tó wà lórí ọ̀pá tó nípọn. Ọṣẹ náà hó, ó ń yọ ìfófòó wẹ́wẹ́.

"Ibi tó ti ń jò nìyí. Ìdérí rẹ̀ dà?"

Bàbá Nawras gbójú sókè ọ̀run. Ìyá Nawras ló dáhùn fún un. "Òun ló fi gbé ẹsẹ̀ tábìlì tẹlifíṣọ̀n."

Rihab fi irinṣẹ́ kékeré kan rọra fún ìdí ihò náà le, ìfófòó dáwọ́ dúró. Ó wá mú agolo gáàsì tó rà ní ṣọ́ọ̀bù tí ilé-ẹ̀kọ́ wọn ti ń ra nǹkan, èyí tí kò tíì sí ẹni tó ṣí i. Ó fi nọ́ńbà tó wà lára rẹ̀ wé èyí tí wọ́n lẹ̀ mọ́ abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì ọkọ̀. Méjèèjì bára mu. Ó fi awò bo ojú Bàbá Nawras, ó fún un ní ìbọ̀wọ́.

"Èmi kẹ̀?"

"Ẹ̀yin ni. Bí gáàsì yìí bá ta sí ara, ó máa ń dì í bíi yìnyín, ó máa ń bó o. Dhiyab, tan ẹ́ńjìnnì, fi éésì sí òpin. Bàbá mi, orí ọ̀pá tó nípọn, ibi tí agbára ti kéré. Ẹ gbọ́ bó ṣe wọlé fúnra rẹ̀? Ẹ kò tipá bọ̀ ọ́. Ẹ gbé agolo dúró ṣánṣán, ẹ má da orí rẹ̀ kodò. Ẹ ṣí i díẹ̀. Ẹ tì í. Ẹ wo géèjì. Ẹ ṣí i díẹ̀ sí i."

"Ṣé kí n rọ gbogbo ẹ̀ tán?"

"Ó tó! Àpọ̀jù rẹ̀ ń ba kọ̀mpúrẹ́sọ̀ jẹ́ ju àìtó lọ."

Èmi àti Ìyá Nawras na ọwọ́ sínú ọkọ̀. Ó tutù bí ìdí ìkòkò omi. Àlàájà wọlé, ó jókòó, ó di ojú, kò sọ ọ̀rọ̀ kankan fún ìṣẹ́jú kan odindi, ohun tí a kò rí rí. Nígbà tó ṣí ojú, ó ní, "Rihab, ọmọ mi, Ọlọ́run á fún ọ ní ọkọ tó mọyì rẹ." Ó wo Bàbá Nawras. "Kó má sì mọ iṣẹ́ ọwọ́ kankan."

Wọ́n dé Nasiriyah kó tó di aago mẹ́wàá. Nawras fi ọmọ lé ìyá ìyá rẹ̀ lọ́wọ́, ọmọ náà sì di ìka rẹ̀ mú, kò fẹ́ fi í sílẹ̀.

Ẹ̀yin ará wa, èmi tí mo wà níbẹ̀ ni mo ń bẹ̀ yín. Bí éésì ọkọ̀ yín kò bá tutù mọ́, ẹ má ṣe sáré lọ ra gáàsì. Ẹ yẹ asẹ́ àti rédíétọ̀ wò ná, nítorí ìdọ̀tí ni lọ́pọ̀ ìgbà. Bí gáàsì bá dín kù lóòótọ́, ẹ wá ibi tó ti ń jò, torí gáàsì tí ẹ bá rọ sínú ohun tó ń jò, ẹ dà á nù ni. Bí jíjò náà bá pọ̀, tàbí tí gáàsì ti tán pátápátá, tàbí tí ayédèrú bá ti wọ inú rẹ̀, kì í ṣe iṣẹ́ ilé mọ́. Ẹ gbé e lọ bá ẹni tó kọ́ṣẹ́, tó ní ẹ̀rọ tí yóò fi fa ti inú rẹ̀ kúrò kó tó fi tuntun sí i.

Ẹni tó bá sì fẹ́ fi díẹ̀ kún un fúnra rẹ̀, kó ra agolo tó ní orúkọ ẹni tó ṣe é, ní ṣọ́ọ̀bù tó lè padà sí. Kí nọ́ńbà rẹ̀ bá ti ọkọ̀ mu. Gbangba ìta ni kó ti ṣe é, láìsí sìgá, láìsí iná, pẹ̀lú awò lójú àti ìbọ̀wọ́ lọ́wọ́, kí géèjì sì wà níbẹ̀. Ohun tí kò bá wọ ihò fúnra rẹ̀, ẹ má tipá bọ̀ ọ́. Ẹ má fi agolo sínú omi gbígbóná, ẹ má fi í sílẹ̀ nínú ọkọ̀ tó wà nínú oòrùn. Bí ẹ bá gbọ́ òórùn gáàsì ìdáná, ẹ dáwọ́ dúró, ẹ má ṣáná, ẹ má tan iná mànàmáná, ẹ má sì pa á, ẹ ṣí ilẹ̀kùn, ẹ jáde, kí ẹ sì pe panápaná. Ṣùgbọ́n ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé imú nìkan o, ayédèrú mìíràn wà tí kì í rùn.

Èyí tó ṣòro jù ni mo fi sẹ́yìn. Bí wọ́n bá rẹ́ yín jẹ, ẹ sọ ọ́ síta. Ẹ̀rín tí àwọn awakọ̀ fi Bàbá Nawras rín kò ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ. Awakọ̀ tí agolo kẹta wà nínú búùtù rẹ̀ ní ọmọ mẹ́rin, gbogbo wọn ló sì sùn nílé wọn lálẹ́ ọjọ́ náà.